Kóòtù Tí Kò Ní Lébẹ́ẹ̀lì

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọkọ mi ni pé ó fẹ́ lé mi dìde lórí ìjókòó tí mo fowó ara mi san.

Òjò ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èémí èèyàn sì ti bo fèrèsé ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí, níbi tí àwa òṣìṣẹ́ máa ń há ara wa mọ́, mo gbé báàgì mi lé itan. Ó dé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àti irin kékeré tó fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú o, ẹ ti ṣì wọlé. Iwájú lọ́hùn-ún ni ìjókòó yín wà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kóòtù yín ló sọ fún mi."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo na tíkẹ́ẹ̀tì mi sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tún wo kóòtù.

"Ó dáa o. Ṣùgbọ́n iwájú ló yẹ kóòtù yìí. Bóyá kí ẹ jẹ́ kí òun nìkan lọ jókòó síbẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ lu tíkẹ́ẹ̀tì mi, ẹ jẹ́ n sinmi."

Ó lù ú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Tíkẹ́ẹ̀tì, títí di òní tí kò sí níbí mọ́ láti dá mi lóhùn.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo kúrò nílùú yẹn. Níbi tí mo wà báyìí, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti ìdájí, nítorí pé aránṣọ ńlá kan ti gbà láti ya aṣọ fún ṣọ́ọ̀bù náà. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń ránṣọ fún olówó, olówó ló ń rán an fún. Ẹni tó ń ta pọ́ọ́kú, pọ́ọ́kú ló ń tà. Wọn kì í tilẹ̀ kí ara wọn lójú títì.

Kòwọ́n ni gbogbo ayé ń pe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi orúkọ yẹn béèrè ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn ò mọ ibẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni èmi wà. Mò ń ṣẹ́ etí aṣọ, mò ń gé fọ́nrán òwú tó bá yọ, mò ń kan bọ́tìnnì tó bá já. Aṣọ tí wọ́n bá rán wọ́gọwọ̀gọ tí kò ṣe é tà, wọ́n máa ń jẹ́ ká mú un lọ sílé. Mo mọ bí mo ṣe lè tú apá gáùn kan kí n fi ṣe kọ́là sí òmíràn, kí n dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí àgọ́, kí n fi bẹ́líìtì bo ibi tí máṣíìnì ti rìn gbéregbère. Nítorí náà, bó ti wù kí àpò mi gbẹ tó, mi ò jáde ní wúruwùru rí.

Ọdún yẹn, ọjà Kòwọ́n ò yá. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọn ò ní pẹ́ ti ilẹ̀kùn pa. Àfi bí máníjà ṣe mú arúgbó obìnrin kékeré kan wọ yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, obìnrin náà so sísọ́ọ̀sì mọ́ ọrùn bí ẹni so ẹ̀gbà ọrùn. Ìyá Máṣíìnì, ọ̀gá wa tó kọ́ mi níṣẹ́, dìde lójijì débi pé ìjókòó rẹ̀ ṣubú. Màmá Sísọ́ọ̀sì nìyẹn, tó jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn oge nìkan la ti ń rí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyàwó olówó tó ránṣọ fún.

Ó rìn yí wa ká. Ó dúró níwájú mi.

"Ìwọ. Dìde. Yíra. O ò ga, o ò kúrú, o ò sanra, o ò tín. Ara ẹ ni mò ń wá."

"Ṣé ẹ ń yìn mí ni, àbí ẹ ń bú mi, mà?"

"Mò ń wọ̀n ẹ́ ni," ó ní, ó sì ti na téèpù yí mi láyà.

Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń wọ aṣọ sí lára nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Bèbí. Màmá Sísọ́ọ̀sì á mú kóòtù tó ti rán fún olówó kan rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nǹkan kúrò lára rẹ̀ kí owó rẹ̀ lè rọjú tó fún ọjà wa. Ó yọ aṣọ inú rẹ̀, ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rírán. Ó dín bọ́tìnnì kù. Ó gé àpò inú dànù, ó sì jẹ́ kí ti ìta jinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí máníjà bá ní ká dín nǹkan kù léjìká náà, á lé e jáde.

"Ẹ má fọwọ́ kan èjìká mi. Bí èjìká bá jókòó dáadáa, kò sẹ́ni tó máa béèrè iye tí wọ́n rà á."

Bí ó bá parí ọ̀kan, á gbé e wọ̀ mí, á ní kí n wọ̀ ọ́ lọ sílé. "Fi sáré bá ọkọ̀. Fi gbé ẹrù. Fi sùn lórí àga. Mo fẹ́ mọ ibi tó máa kọ́kọ́ ya." Aṣọ ìdánwò ni, kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan lọ́rùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kó gbogbo wa jọ, ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ ò mọ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde kí ọjọ́ tí a máa ṣílẹ̀kùn fún aṣọ tuntun yìí tó pé, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kù á ti rán irú rẹ̀ kí tiwa tó dé orí hángà. Èmi á padà sílé mi. Ẹ̀yin lẹ ò ní ní ibi tí ẹ máa padà sí."

Gbogbo wa ṣèlérí. Èmi bi í pé, "Bí èèyàn bá dá ọwọ́ yín mọ̀ lára mi ńkọ́, mà?"

"Lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin? Ta ló máa dá ọwọ́ mi mọ̀ níbẹ̀?"

Kóòtù àkọ́kọ́ yẹn ni Tíkẹ́ẹ̀tì rí lára mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, gáùn aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, síkẹ́ẹ̀tì gígùn kan tí àpò rẹ̀ gba ọwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń lu ti gbogbo èèyàn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, kó lè ráyè dúró.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá àwọn olówó."

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ṣebí Kòwọ́n lẹ ní ẹ ti ń ṣiṣẹ́? Àǹtí mi ra bùláòsì níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bó ṣe fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, apá kan gùn ju èkejì lọ."

"Bóyá apá àǹtí yín ló gùn ju èkejì lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti pe orúkọ ibùdókọ̀. Bàbá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá onítíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ti gbé mi kọjá ilé mi nítorí obìnrin!"

Kì í ṣe ẹni tó rẹwà bí àwòrán. Etí rẹ̀ tóbi, fìlà iṣẹ́ sì máa ń tẹ̀ ẹ́ síta. Ṣùgbọ́n bí arúgbó kan bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú àpò tí kò tètè rí i, Tíkẹ́ẹ̀tì á dúró tì í, á máa wo ìta bí ẹni tí oko tí à ń kọjá wù, kí ojú má bàa ti arúgbó náà. Mo rí èyí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Inú mi sọ fún mi pé, ó ti tán, wọ́n ti mú ẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin kan wọ aṣọ nọ́ọ̀sì funfun wá jókòó tì mí, ó fi ìgúnpá gún mi.

"Ìwọ ni Kóòtù?"

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Kóòtù kẹ̀?"

"Orúkọ tí wọ́n ń pè ẹ́ nílé wa nìyẹn. Àbúrò mi ò jẹ́ ká jẹun ká gbádùn mọ́. Kóòtù sọ báyìí, Kóòtù rẹ́rìn-ín báyìí. Mo ní kí n kúkú wá wo ojú Kóòtù kí n tó lọ síbi iṣẹ́." Ó wò mí dáadáa. "Ó fẹ́ kí n bá òun bá ẹ sọ̀rọ̀. Ó lè ké sí gbogbo èrò ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí há a lọ́fun. Ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Kí ni ká wí fún un?"

Ojú tì mí. Mo wo báàgì mi. "Ẹ ní mo gbọ́, mà."

"O gbọ́, kí lo wá sọ?"

"Ẹ ní mo gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín."

"Ó tó." Àǹtí Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú. "Ìṣòro kan ló wà. Màmá wa."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Kò tíì ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá rí ẹ ló máa ṣe wọ́n." Ó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin fẹ́ obìnrin kan tó fẹ́ràn aṣọ. Aṣọ yìí lónìí, tọ̀hún lọ́la, títí wọ́n fi ta ilé tí bàbá wọn kọ́ kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n wọn ò lè wojú ìyá rẹ̀ mọ́, kò wálé mọ́. "Láti ìgbà náà, bí màmá wa bá rí obìnrin tó múra, ọkàn wọn á já. Jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, nǹkan tó ti gbó ni kí o wọ̀."

Mo wọ ohun tó gbó. Ìyá mi ló ni gáùn náà kó tó ṣaláìsí. Ṣùgbọ́n òtútù mú lọ́jọ́ yẹn, kóòtù mi àtijọ́ sì wà nílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, Màmá Sísọ́ọ̀sì ti tú u palẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe ń rán kóòtù tálákà. Èyí tuntun náà ni mo gbé wọ̀. Mo ní kóòtù ṣáà ni, aláwọ̀ eérú, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ta ló máa wò ó?

Mo gbàgbé iṣẹ́ tí ìyá náà ń ṣe.

Alágbàfọ̀ ni. Ooru áyọ́ọ̀nù àti òórùn ọṣẹ ló kún ilé wọn, wọ́n sì fi aṣọ àwọn olówó kọ́ yí yàrá ká bí àlejò tí kò rí àga. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún mi ní tíì gbígbóná.

"Bọ́ kóòtù ẹ, ọmọ mi, ooru wà níbí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí kóòtù náà ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, ó dúró. Ó ṣí kọ́là, ó wo ẹ̀yìn ọrùn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán èjìká, láti ọrùn lọ sí apá, bí ìgbà tí dókítà ń wá ibi tó ń dun èèyàn.

"Èjìká yìí," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo mọ ẹni tó rán èjìká yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ aṣọ rẹ̀. Kò sì ní lébẹ́ẹ̀lì. Aṣọ rẹ̀ tí kò bá ní lébẹ́ẹ̀lì, ara ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gé e mọ́. Mo mọ àwọn tó lè ra irú rẹ̀, wọn ò pọ̀. Níbo lo ti rí i?"

"Níbi iṣẹ́ ni, mà."

"Ní Kòwọ́n?" Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ń purọ́ fún lójú ara rẹ̀. "Ta ló rà á fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rà á fún mi, mà."

"Ìwọ lo rà á?"

"Rárá, mà."

"O jí i?"

"Màmá!" Tíkẹ́ẹ̀tì dìde.

"Jókòó, jàre. Mi ò bú u. Kò rà á, wọn ò rà á fún un, kò jí i. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ọ̀run ló ti já bọ́."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sọ nǹkan, ohunkóhun.

"Mi ò lè sọ, mà. Tó bá yá, ẹ máa mọ̀."

"Tó bá yá," ni ìyá náà wí. Ó fi kóòtù náà kọ́, ó de bọ́tìnnì òkè rẹ̀ kó má bàa fì, ó tọ́jú rẹ̀ ju bí èmi fúnra mi ṣe lè tọ́jú rẹ̀ lọ. Nígbà tí tíì mi tán, kò bù sí i mọ́.

Ní ibùdókọ̀, Tíkẹ́ẹ̀tì dúró jìnnà sí mi díẹ̀.

"Ọkùnrin kan wà?"

"Kò sí."

"Kí ló dé tí o ò lè sọ?"

"Mo ṣèlérí."

"Fún ta ni?"

"Ìyẹn náà wà nínú ìlérí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Màmá mi ní bí mo bá fẹ́ ẹ, òun ò ní dá mi lẹ́kun, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé wa. Wọ́n ní ọmọ kan ti lọ báyìí, àwọn ò lè máa wo èkejì bó ṣe ń lọ."

Láti ọjọ́ kejì, ọkùnrin mìíràn ló ń wá lu tíkẹ́ẹ̀tì wa. Ó ní ọ̀gá àwọn ti gbé Tíkẹ́ẹ̀tì lọ síwájú ọkọ̀.

Mo ro ó títí. Mo ní, ṣé kí n sọ fún òun nìkan? Ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ́ òun nìkan? Bí ó bá gbọ́, ó máa fẹ́ fi tu ìyá rẹ̀ nínú. Ìyá rẹ̀ ń kó aṣọ lọ sí ilé àwọn olówó tí Màmá Sísọ́ọ̀sì ń ránṣọ fún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ti Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò ṣe é sọ, ọ̀rọ̀ tó bá dé etí rẹ̀ ti dé gbogbo ọsibítù nìyẹn. Mo tún ní, ṣé kí n jẹ́ kó lọ ni? Ṣé gbogbo ọkùnrin tó ń wojú ìta nítorí arúgbó ló ti tán láyé ni? Mo wo àwọn tó ń kọjá láti fèrèsé. Ó jọ pé wọ́n ti tán.

Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Ibi tí Màmá Sísọ́ọ̀sì ti ń fi píìnì há gáùn mọ́ mi lára lọ́jọ́ kan ló ti jáwọ́.

"O ti rù. Mi ò ní kí o yí padà kí n tó parí. Ọkùnrin ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jẹun."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un. Òun nìkan."

Ó bọ́ píìnì kúrò lẹ́nu. "Má bi mí. Iṣẹ́ wà nílé mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ ni kí o bi."

Mo yíjú. Gbogbo máṣíìnì ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìyá Máṣíìnì ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú náà ò wọlé, ó ń gbìyànjú rẹ̀ ṣáá.

"Ẹ máa wọ̀n mí lọ, mà," ni mo wí. Máṣíìnì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Onígẹ̀rígẹ̀rí ni bàbá mi. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, mo bá Tíkẹ́ẹ̀tì lórí àga ìgẹrun, aṣọ funfun yí i lọ́rùn, etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Bàbá mi ti gbé abẹ lé e lẹ́yìn ọrùn kó tó bi í ní ohun tó bá wá.

"Ìwọ ni kò jẹ́ kí ọmọ mi jẹun?"

"Èmi ni, sà."

"Má mira." Abẹ ń rìn. "Kí lo wá wí?"

"Mo wá sọ pé mi ò ní bi í mọ́, sà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ojú èèyàn. Ẹni tí kò sanwó ọkọ̀, kó tó na ọwọ́ ni mo ti mọ̀. Mo ti wo ojú rẹ̀ láti ìgbà tí òjò ń rọ̀. Ohun tó bá fẹ́ pa mọ́, kó pa á mọ́. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ ń gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò lè gbé e kalẹ̀.

Bàbá mi nu abẹ. "O gbà á. Ìyá ẹ ńkọ́?"

Tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣa irun kúrò lára aṣọ funfun náà.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mi ò ní jẹ́ kó wọ ilé tí wọ́n á ti máa fura sí ohun tó bá wọ̀. Jẹ́ kí ìyá ẹ fẹnu ara wọn sọ pé kó máa bọ̀. Títí dìgbà náà, o lè máa wá gẹrun níbí. Orí ẹ ò burú."

Ó wá padà sẹ́yìn ọkọ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀ aṣọ. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí fi dé.

Ẹ ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà Kòwọ́n yí igun títì ká. Orúkọ Màmá Sísọ́ọ̀sì wà lójú fèrèsé, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, àwọn olówó náà rán ọmọ ọ̀dọ̀ wọn wá fi ọgbọ́n rà fún wọn. Obìnrin méjì di apá gáùn aláwọ̀ ewé kan mú, èkínní ní òun lòun kọ́kọ́ rí i, èkejì ní ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mú aṣọ. Wọ́n pe àwa ará ẹ̀yìn síta láti wá ran àwọn tó ń tajà lọ́wọ́, nítorí pé wọn ò lè dá a ṣe.

Níbẹ̀ ni mo ti rí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń fa ìyá rẹ̀ lápá gba àárín èrò kọjá. "Ẹ wá wò ó, Màmá! Ẹ wá fojú yín wò ó!"

Ìyá náà dúró níwájú hángà. Kóòtù aláwọ̀ eérú tò síbẹ̀, ó pọ̀ bí aṣọ ilé ìwé. Ó mú ọ̀kan. Ó fi àtàǹpàkò tẹ èjìká rẹ̀. Ó wo inú, ó rí i pé kò ní aṣọ inú. Ó wo lébẹ́ẹ̀lì, orúkọ Màmá Sísọ́ọ̀sì àti ti ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà lórí rẹ̀. Ó wo iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí mi.

Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó dá kóòtù náà padà sáyè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó jáde.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló mú ìròyìn wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Mo rò pé ó ti parí! Màmá ní àwọn ò sọ pé o fẹ́ràn aṣọ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ẹ ló ń ba àwọn báyìí. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n pè ní olè lójú ara rẹ̀, tó mọ ohun tó lè sọ kó fi bọ́, tó sì dákẹ́, kí ni kò lè pa mọ́ fún èèyàn?"

Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n lọ fúnra mi.

Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo dé. Kò ní kí n jókòó, kò sì ní kí n máa lọ.

"Mo wá kí ẹ lè bi mí, mà," ni mo wí. "Ohunkóhun. Mi ò ní ìlérí kankan lọ́rùn mọ́."

Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. "Ọjọ́ tí mo bú ẹ yẹn, ṣé o sunkún?"

"Nínú ọkọ̀, mà. Mo fi kóòtù nu ojú. Màmá Sísọ́ọ̀sì rí àbàwọ́n rẹ̀, ó ní ìyẹn náà wà lára ìdánwò."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó wà nídìí máṣíìnì yẹn, ṣé ìbátan ẹ ni wọ́n?"

"Rárá, mà."

"O sì fẹ́ fi ọkọ sílẹ̀ nítorí wọn."

"Mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó kàn fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi ni."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Àkọ́bí mi, bó ṣe ń ta ilé, ó ń wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ń jẹun, ó ń bá mi ṣeré. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́nu oníbàárà mi ni mo ti gbọ́ ọ, mo gbé aṣọ rẹ̀ tí mo lọ̀ dání, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo dúró bí ère. Kì í ṣe aṣọ ló ń dùn mí, ọmọ yìí. Mo ti gba ti aṣọ. Bí mo ṣe jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ ni."

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Màmá, ti ẹlòmíràn tó bá wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè ṣèlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ tilé yìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí ará ìta tó gbọ́. Kí Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó gbọ́."

"Ìyẹn le," ó ní. "Ọmọbìnrin yẹn máa ń gbọ́ nǹkan kó tó ṣẹlẹ̀." Ó na ṣẹ́ẹ̀tì tó kàn sí mi. "Dìde, kí o di kọ́là rẹ̀ mú fún mi. Lọ́la, wí fún bàbá ẹ pé mò ń bọ̀ wá kí wọn. Ẹnu ara mi ni mo máa fi sọ ọ́."

A ṣègbéyàwó nígbà tí òtútù lọ. Gáùn aláwọ̀ ewé ti Kòwọ́n ni mo wọ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo rí i lára Ìyá Máṣíìnì, mo rí i lára Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo rí i lára aládùúgbò wa kan tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bàbá mi ní bí ọkọ ò bá ṣọ́ra, ó máa gbé ẹlòmíràn lọ sílé. A ya fọ́tò kan, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì rẹwà, gbogbo wa. Àwọn tó wà nínú fọ́tò náà ti kú tán, àfi èmi.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo mọ̀ pé ara mi ti yí padà. Wọ́n ti wọ̀n ara yẹn tó kí n lè mọ̀ pé oyún ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo lè dúró dè é. Ó wù mí kí n dúró dè é, kí n rí bí etí rẹ̀ ṣe máa pupa. Ṣùgbọ́n mo gbé báàgì mi, mo gba ilé alágbàfọ̀ lọ, mo sọ ọ́ sí i létí láàárín aṣọ tó fi kọ́.

Ó di èjìká mi mú. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n lọ.

"Ọkọ ẹ ti gbọ́?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Rárá."

Ó nu ojú, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń lọ aṣọ, ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Ibẹ̀ la wà tí Tíkẹ́ẹ̀tì fi ti ibi iṣẹ́ yà wá kí i, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wo èmi, ó wo ìyá rẹ̀.

"Kí lẹ ń sọ tí mo wọlé tí ẹ dákẹ́?"

Ìyá ọkọ mi ò gbójú sókè. Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì náà padà, ó tẹ́ apá rẹ̀ tó kù.

"Ọ̀rọ̀ aṣọ ni," ó ní.